Lọ Kí Ìyá Tí O Bú

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará iwájú ń pariwo, ohùn tèmi ò sì le tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bọ́sẹ̀, fi fóònù yẹn sápò ná. Ìwọ lo béèrè ọ̀rọ̀, ìwọ náà ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ èsì. O ní, "Bàbá, kí ló burú nínú 'ìyá ẹ' gan-an? Ṣebí gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́." Ọmọ yunifásítì l'Akoka ni ẹ́, iṣẹ́ rẹ ni kí o máa béèrè, mi ò bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bi mí, mo wo ojú gbogbo yín yíká, kò sí ẹnì kan tí ìbéèrè yẹn yà lẹ́nu.

Láàárọ̀ yìí, ibi tí mo jókòó sí yìí náà ni mo wà. Ìyá kan ń mú ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé, àpò ẹ̀yìn ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan yọ lójijì, díẹ̀ ló kù kó gbá wọn. Kí ìyá tó lanu, ọmọ ti yíjú sí onímàrúwá: "Ìyá ẹ!" Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, bí ohùn ọmọ tó ń ka ẹsẹ Bíbélì níwájú ìjọ. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Onímàrúwá náà rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí i, ó wakọ̀ lọ. Èmi nìkan ni mo kù tí mò ń wo ẹ̀yìn ọmọ yẹn títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀. Ọmọ náà ò bínú, ẹ gbọ́ o. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Ó kàn sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sín.

Ẹ má sì ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó báyìí. Púpọ̀ nínú yín lẹ wà níbẹ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, nígbà tí Túnjí, ọmọ ọmọ mi tó fara ti ògiri lọ́hùn-ún tó ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ mi, jágbe mọ́ Wàsíù nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti jọ ń tẹ bánà. Wàsíù fi abẹ gé bánà ìsìnkú ẹnì kan, ó ṣèèṣì gé e gba iwájú orí olóògbé kọjá. Òótọ́ ni, ó dun ni, wọn ò lè fún oníbàárà ní irú rẹ̀. Túnjí bá figbe ta: "Wèrè! Ìyá ẹ! Ìyá ẹ láti òkè délẹ̀!" Fèrèsé yàrá Ìyá Wàsíù ò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, obìnrin náà jókòó síbẹ̀ tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ tó já. Ó gbọ́. Mo rí i tó na ọwọ́, ó ti fèrèsé, mo gbọ́ tí irin rẹ̀ wọlé. Kò tíì ṣí i láti ọjọ́ náà. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ wá mú un lọ sí Ìkòròdú, kò sì ní padà wá gbé Bàrígà mọ́.

Ìyẹn lohun tó wà ńlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nínú ilé yìí kan náà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì láya ni mí. Pákó ni gbogbo fèrèsé. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn láàárín, kànga wà lẹ́hìnkùlé, ilé ìdáná kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, tí èéfín rẹ̀ ń mú omi jáde lójú wa. Ohùn tó ń jí mi láàárọ̀ ni ti okùn kànga tó ń ké, àti ti Ìyá Onílé. Alhaja ni wọ́n, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ń ta aṣọ. Wọ́n kúrú, ohùn wọn ga, ẹ̀rù wọn sì ń ba ọkọ wọn gan-an, Ọlọ́run á kẹ́ àwọn méjèèjì. Wọ́n máa ń bínú o, ẹ má rò pé wọn kì í bínú! Ṣùgbọ́n bí inú bá ti bí wọn ni àdúrà ń ti ẹnu wọn jáde. "Orí rẹ á pé! Ọlọ́run á sọ ọ́ di ńlá! Ìwọ ọmọ tí yóò kọ́lé yìí, wá gbé ike omi rẹ kúrò lójú ọ̀nà kí n tó dojú rẹ̀ dé!" Bí Ìyá Onílé bá ti pè ẹ́ ní ọmọ tí yóò kọ́lé, kí o yáa tètè dìde. A mọ̀ pé ìbínú dé.

Ohun kan wà tí wọn kì í bá wa ṣeré lé lórí. Ẹni tó bá fi ìyá ẹlòmíràn bú u nínú ilé yìí, wọn ò ní na ọwọ́ sí i, wọn ò sì ní pariwo. Wọ́n á kàn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá ta lo dárúkọ yẹn?" Á ní ìyá Lágbájá ni. Wọ́n á ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n?" Bóyá o mọ̀ ọ́n, bóyá o ò mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á sọ tẹ̀ lé e: "Lọ kí i."

Ó tán. O máa lọ wẹ̀. O máa wọ aṣọ tó mọ́, o máa lọ bá ìyá yẹn níbi tó wà, o máa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, o máa kí i, wàá sì fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o sọ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà wàá dákẹ́ títí yóò fi dá ọ lóhùn. Bí o kò bá tíì lọ, o lè kí gbogbo ilé títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tí yóò dá ọ lóhùn. Wàá dé ìdí kànga, wọ́n á yà fún ọ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló kọjá. Bí ìyá náà bá ti kú, ẹni tó dípò rẹ̀ nínú ẹbí lo máa lọ kí. Bí ẹni tó sọ̀rọ̀ bá sì kọ̀, tó lórí kunkun, olórí yàrá rẹ̀ ni yóò lọ bá a dọ̀bálẹ̀.

Mo fojú mi rí èyí tó kẹ́yìn yẹn. Tẹ́lọ̀ kan ń gbé yàrá tó kángun sí kànga, èèyàn jẹ́jẹ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló bú ìyá ọmọ kan tó ń din àkàrà ní ìta. Ọmọ náà ní òun ò ní lọ. Bàbá kó aṣọ tó ń rán jọ, ó de fìlà, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn níwájú obìnrin tí kò tó àbúrò ìyàwó rẹ̀. Obìnrin yẹn fi àkàrà sílẹ̀ nínú epo, ó ń sáré yí i ká: "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má fi mí ṣe èyí! Ẹ dìde!" Gbogbo àkàrà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn jóná dúdú. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ẹkún tó ń sun, bí wọ́n nà án kò lè sun tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in, kò burú. Àwa náà máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà, àyàfi tó bá kàn wá.

Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ la jẹ́ o. Bàrígà ni ibí, kì í ṣe ọ̀run. A jà, a ya aṣọ ara wa, a pe ara wa ní ọ̀lẹ, alákọrí, olójúkòkòrò. Ọjọ́ Iléyá kan wà tí àwọn obìnrin méjì jà dé ibi tí wọ́n fi dárúkọ ìyá ara wọn, àgbò sì ti wà lórí ìdè. Ìyá Onílé ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ọ̀bẹ títí àwọn méjèèjì á fi lọ kí ìyá ara wọn. Ọ̀kan l'Ébúté Mẹ́ta, èkejì ní Muṣin! A jókòó. Àgbò ń ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀", àwa ọmọ Kìrìsìtẹ́nì tá a ti gbé abọ́ kalẹ̀ de ìpín tiwa ń gbé itọ́ mì. Nígbà tí wọ́n fi padà dé, oòrùn ti yí, ṣùgbọ́n wọ́n jọ wọlé ni, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ìyá ọ̀kan nínú wọn tí orúnkún ń dùn. Ẹran ọjọ́ yẹn dùn ju ti gbogbo ọdún lọ, tàbí ebi ló pa wá.

Àṣà náà tẹ̀ lé èmi àti ọ̀rẹ́ mi Ràṣídì dé ibi iṣẹ́. Yàrá kan la jọ ń gbé, iṣẹ́ kan náà la sì ń ṣe, atẹ̀wé ni wá ní Ṣómólú. Láàárọ̀ a máa ń fẹsẹ̀ rìn láti ibí gba Pẹ́dírò kọjá. Bí ẹ bá ti wọ Bajulaiye ìgbà yẹn, ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yín: gbàù-kàtà, gbàù-kàtà, ilé sí ilé, ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ, òórùn yínkì ìtẹ̀wé á sì gbà yín nímú. Lẹ́tà òjé la fi ń to ọ̀rọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wàá máa ṣa á látinú àpótí, ojú rẹ̀ á yí sódì, wàá tò ó dé òpin ìlà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àtàǹpàkò tẹ èébú ránṣẹ́ sí èèyàn ká tó ṣẹ́jú, ẹ rò ó wò ná. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ èébú nígbà yẹn, kó tó ṣa lẹ́tà rẹ̀ tán, inú rẹ̀ á ti rọ̀, ebi á sì ti máa pa á.

Ẹ̀rọ wá há ọ̀gá wa ní ìka lọ́jọ́ kan, ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé náà fúnra rẹ̀. Ó fa ọwọ́ yọ, ó jágbe mọ́ ẹ̀rọ: "Ìyá ẹ!" Ràṣídì, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, gbórí sókè nídìí àpótí lẹ́tà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ lọ kí i." Ọ̀gá ní, "Kí ta?" Ràṣídì nàka sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ẹ̀rọ ògbólógbòó kan dúró sí, èyí tí wọ́n ti tú irin inú rẹ̀ sínú ti ọ̀tun. Ó ní, "Ìyá rẹ̀ nìyẹn." Mo ní ó parí, wọ́n á lé wa lọ lónìí. Ọ̀gá wo Ràṣídì, ó wo ìka rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó wá mú àkísà, ó lọ nu eruku ara ẹ̀rọ ògbólógbòó yẹn. A gbọ́ tó ń sọ pé, "Màmá, ẹ má bínú o. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ló kọ́kọ́ gé mi jẹ." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ràṣídì yìí náà ni ọ̀rọ̀ yẹn padà dé bá. Ó pọn omi ìwẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé lọ mú kànìnkànìn. Kó tó jáde, Fílípì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, ti da omi náà lé ara. Ràṣídì bú ìyá rẹ̀. Ìyá Onílé jáde. "Ìyá ta nìyẹn?" Ìyá Fílípì ni. "Ṣé o mọ̀ ọ́n?" Rárá, abúlé kan lẹ́bàá Iléṣà ló wà. "Ó dáa. Kérésì ń bọ̀. Lọ kí i."

Ràṣídì rò pé eré ni. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nínú ilé, èmi tá a jọ ń sùn lórí ẹní kan náà, mi ò dá a lóhùn. Nígbà tí Kérésì dé, ó bá Fílípì wọkọ̀.

Ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi nígbà tó dé. Ó ní màmá náà jókòó sábẹ́ igi, ó ń fọ́ ekùrọ́, òkúta lórí òkúta, kó, kó, kó. Fílípì ní, "Màmá, ọ̀rẹ́ mi ló wá kí yín láti Èkó." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá náà yọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Ràṣídì pọ̀n. Ó pa adìyẹ. Ó fi itan rẹ̀ sínú àwo Ràṣídì, ó kúrò lórí ibùsùn ara rẹ̀ fún un, ó ń fi èdè Ìjẹ̀ṣà súre fún un, Ràṣídì ń ṣe àmín sí èyí tó gbọ́ àti èyí tí ò gbọ́. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé òun á sọ ọ́, kò lè sọ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ padà, ó bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀: "Màmá, mo bú yín l'Ékòó kí n tó mọ̀ yín."

Ó ní òkúta dúró lọ́wọ́ màmá náà. Kò bínú. Ó kàn béèrè, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ti ọmọdé, "Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Ràṣídì, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, bú sẹ́kún níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ìgbà náà ni màmá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀ fún un, ó ní, "Àwọn tó ń yìn mí l'Ékòó, n ò rí ẹnì kan nínú wọn kó wá. Ìwọ tó bú mi lo wá." Lọ́dọọdún ni Ràṣídì ń lọ kí i láti ìgbà yẹn, Mùsùlùmí tó ń lọ ṣe Kérésì n'Íjẹ̀ṣà. Ọjọ́ tí màmá náà kú, ó bá wọn gbẹ́ ilẹ̀. Títí tí Ràṣídì tèmi náà fi kú, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ojú màmá yẹn ni mò ń rí, pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́."

Bọ́sẹ̀, èsì rẹ nìyẹn. Ìyá tí ẹ ń pè yẹn lójú. Ó ní ibi tó jókòó sí.

Ìyá Onílé ti lọ. Àwọn ọmọ wọn pín ilé, wọ́n dí kànga, wọ́n gé ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ Bajulaiye ìgbà yẹn ti di irin tí wọ́n tà fún àwọn tó ń ra páńtí. Ìyẹn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, ayé ní láti yí. Èyí tó ń dùn mí ni pé, bí mo bá jókòó síbí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èébú ni mo fi ń jẹun. Ẹ fi ń kí ara yín. "Wèrè, báwo ni?" "Orí ẹ burú, mo wà o." Ẹ̀ ń wo ọkùnrin tó wé gèlè nínú fóònù tó ń ṣe bí ìyá, tó ń ṣépè fún ọmọ rẹ̀, ẹ ń rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń ṣubú lura. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ ní, "Bàbá, ẹ ti ń mú un sìríọ́ọ̀sì jù. Àwàdà ni." Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwàdà lóòótọ́. Èmi ò wá mọ ọ̀rọ̀ tó kù tí ẹ máa lò lọ́jọ́ tí inú bá bí yín dáadáa.

Túnjí, má pòṣé. Mo gbọ́.

Púpọ̀ nínú yín ò tíì dáyé nígbà tí wọ́n bí Túnjí yìí. Ìyá rẹ̀, ìyàwó ọmọ mi, kò dìde níbi ìkúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ wálé láìsí ìyá. Bàbá rẹ̀ jókòó sí ìdí ògiri, kò jẹ, kò mu. Ìyàwó tèmi, kó tó kú, po mílíìkì sínú ìgò, ọmọ kọ̀ ọ́, ó ń ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá Wàsíù ṣílẹ̀kùn wọlé. Wàsíù ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó pè é, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó gba Túnjí, ó yíjú sí ògiri, ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Igbe dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣì ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn títí dòní.

Ọmú ọ̀tún ti Wàsíù, ọmú òsì ti Túnjí, bó ṣe tọ́ wọn nìyẹn títí wọ́n fi gbọ́njú. Àwọn èèyàn bi í pé ṣé kò rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, ọkọ mi kejì ni." Ọkọ mi ló ń pè é láti ìgbà yẹn. Gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́run dá, ẹ ó gbọ́ irin fèrèsé: "Ọkọ mi, o ti jí? O ti jẹun?" Túnjí hu irùngbọ̀n, ọkọ mi. Ó ra ẹ̀rọ bánà, ọkọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú, kò lè jáde mọ́, ó sún àga mọ́ fèrèsé kó lè máa rí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀.

Ibẹ̀ ló jókòó sí l'Ọ́jọ́bọ̀.

Mo pe Túnjí lọ́jọ́ náà, mo ní kó lọ kí i. Ó ní, "Bàbá, kò sí nǹkan níbẹ̀. Bí èmi àti Wàsíù ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nìyẹn. Màmá náà mọ̀." Mo pe Wàsíù, tí kò yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ní, "Bàbá, ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́ sí mi, èmi náà ń sọ ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo rí ojú màmá mi lọ́jọ́ yẹn." Mo wò ó, inú mi bàjẹ́. Ìyá ta ni wọ́n ti ń bú láti ọjọ́ yìí? Àwọn méjèèjì, ìyá kan ṣoṣo ni wọ́n ní láyé.

Lánàá mo wọlé lọ bá a. Ó ń di ẹrù. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ara mi. Mo ní, "Ìyá Wàsíù, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn..." Ó ní, "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Ìkòròdú tí mò ń lọ, mo ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, Iléyá ni mo fẹ́ ṣe tán kí n tó lọ." Ó ká ìró kan, ó tún un ká. Ó wá ní, "Ọmọ yín yẹn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Ọmọ yín yẹn! Ẹ gbọ́ o. Láti ìgbà tó ti gbà á lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mi ò gbọ́ ọ kó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Kò pariwo, kò ṣépè, ó kàn dá a padà fún mi. Mi ò lè sùn.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ mi ti tán. Wọn ò ní pẹ́ pe ìrun mọ̀gàríbì, mo sì fẹ́ kó parí kí wọ́n tó pè é. Bọ́sẹ̀, bá mi mú fìlà mi níbẹ̀. Ẹ ti ń bi mí láti ọ̀sán pé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wo ni mo wọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ibo ni mò ń lọ. Ẹnu ọ̀nà tó wà lẹ́yìn yín yẹn ni mò ń lọ. Mo ti wẹ̀. Olórí yàrá ni mí, ọmọ mi sì kọ̀ kò lọ. Ẹ fún mi lọ́pàá. Ẹ má bẹ̀rù, dídọ̀bálẹ̀ ò ṣòro fún mi. Dídìde ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ta ló dì mí lápá mú? Túnjí, fi mí sílẹ̀. Kí lo wí? Gbé ohùn sókè, etí mi ò gbọ́.

Ìwọ lo máa lọ?

Ó dáa. Bọ́ bàtà. Bọ́ fìlà yẹn náà, èyí tó kọjú sẹ́yìn. Má sọ fún un pé àwàdà ni. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Fi ẹnu rẹ sọ ohun tí o sọ, gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn náà kí o dákẹ́. Bó bá bi ọ́ pé kí ni òun ṣe fún ọ, má dáhùn. Kò sí ìdáhùn.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ jókòó, ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹ sọ fún wọn níwájú kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ yẹn fún wa díẹ̀. Ẹ ṣé. Ó ti kanlẹ̀kùn. Ó ti wọlé. Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ orúkọ tí yóò pè é.